Speaking IELTS: 6.5 ni mo gbà, 7 ni NMC ń béèrè

Nọ́ọ̀sìÒṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Òṣogbo, mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú ọba. Nínú IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó ń lọ òkè òkun, 7 ni wọ́n ń béèrè nínú Listening, Reading àti Speaking, 6.5 nínú Writing. Èsì tèmi jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá: Listening 8, Reading 7, Writing 6.5, Speaking 6.5. Writing tí gbogbo ayé ń sá fún ni mo yege, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló wá há mi lọ́rùn.

Kì í ṣe pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Òun la fi ń kọ ìròyìn aláìsàn, òun la fi ń bá dókítà sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó síwájú olùdánwò yẹn, ṣe ni ìdáhùn mi ń já ní kúkúrú. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ràn òdòdó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ràn wọn, wọ́n rẹwà. Ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Apá Kẹta ni ẹnu mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ̀, àfi bó ṣe gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó bi mí ní nǹkan mìíràn. Ṣé ohun tí mò ń sọ ló burú ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá níbẹ̀, kí ni kí n ṣe? Àbí kí n kúkú gba ọ̀nà OET, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, lọ?

Àkànní_Leeds

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú oríire Writing. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó gé mọ́ yín lẹ́nu yẹn. Aago ló ń lé olùdánwò. Gbogbo Speaking kò ju ìṣẹ́jú 11 sí 14 lọ, apá kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Apá Kìíní, tí wọ́n ti ń béèrè nípa ilé, iṣẹ́ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú 4 sí 5. Apá Kejì, tí wọ́n ti ń fún yín ní káàdì ohun tí ẹ máa sọ̀rọ̀ lé lórí, ìṣẹ́jú 3 sí 4, títí kan ìṣẹ́jú 1 tí ẹ máa fi ronú. Apá Kẹta, tí wọ́n ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ìṣẹ́jú 4 sí 5. Bí àkókò bá ti pé, ó gbọ́dọ̀ gé e, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ yín dùn tó. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gé lẹ́nu. Ẹni tó yẹ ká ṣàánú ni ẹni tí olùdánwò kò rí nǹkan kan gé lẹ́nu rẹ̀.

Lójú tèmi, inú òdòdó yẹn ni 7 yín sọnù sí. Olùdánwò kò bìkítà bóyá ẹ fẹ́ràn òdòdó tàbí ẹ kórìíra rẹ̀. Ó fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ lè sọ pé ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Pé ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń gbìn sẹ́yìnkùlé nílé tí wọ́n ti tọ́ yín. Pé ibi ìgbéyàwó lẹ ti ń rí òdòdó, onírọ́bà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ti tán. Kò sí gírámà ńlá kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi kí n tó lọ sùn. Láti jẹ́lé-ó-sinmi la ti ń kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, wọ́n á ní kó san owó ìtanràn. WAEC, Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n tún ní kí á wá sanwó fi hàn pé a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èsì náà á sì kú lẹ́yìn ọdún 2, bí ẹni pé èdè ń rà bíi tòmátì. Ebenezar Wikina àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Policy Shapers, ẹgbẹ́ kan ní Nàìjíríà tó ń jà fún àtúnṣe òfin, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ dìde sí ìjọba ìlú ọba lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2021. Síbẹ̀, wọn ò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kàwé, ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ló ń gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín kí ẹ tó kówó lé ìdánwò.

Olùkọ́_Mọ́kọ́lá

Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ yín kò ṣeé já ní koro, ṣùgbọ́n NMC kò ní gba WAEC lọ́wọ́ arábìnrin yìí. Ẹ jẹ́ ká bójú tó tirẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń fún ní máàkì nínú Speaking: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn tó sì ń bára mu, bí ẹ ṣe ń lo onírúurú ọ̀rọ̀, gírámà, àti bí ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ọgbọọgba ni ìwọ̀n wọn. Ẹni tó bá gba 7, 7, 6, 6 á já sí 6.5. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ ti dé 7 níbi méjì, kó wá jẹ́ pé ibi méjì tó kù ló ń fà yín sẹ́yìn. Ohun tí ẹ sọ nípa òdòdó mú kí n fura sí ti àkọ́kọ́, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn.

Èmi máa ń kọ́ àwọn tó ń múra IELTS ní Ìbàdàn níbí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń pa wọ́n lára. Wọ́n tọ́ wa pé bí àgbà bá béèrè ọ̀rọ̀, kí ọmọ dáhùn ṣókí, kó wolẹ̀. Ọmọ tó bá ń ṣàlàyé kọjá ohun tí wọ́n bi í, ẹlẹ́nu ni. Ẹ bá a dé ẹnu iṣẹ́: ta ló ń sọ ìtàn fún dókítà àgbà ní wọ́ọ̀dù? Ẹ sọ iye ìfúnpá, ẹ sọ oògùn, ó parí. Ẹni náà ló wá jókòó síwájú olùdánwò, àjèjì tó dàgbà jù ú lọ tó wọ kóòtù, tí wọ́n ní kó máa rojọ́ nípa bàtà, òjò, òdòdó. Ara kọ̀. Èmi ti rí ọkùnrin kan, lọ́yà ni, tó jẹ́ pé tí mo bá ti bi í ní ìbéèrè, á kọ́kọ́ ní "yes sir", á dákẹ́, á tún ní "yes sir". Sà àti mà kò dín máàkì kù, kò sí aburú níbẹ̀, àmọ́ bó bá ń kín gbogbo gbólóhùn lẹ́yìn, ṣe ló ń gé yín lọ́rọ̀.

Ẹ gbé fóònù síwájú, ẹ bi ara yín léèrè nǹkan tí kò nítumọ̀ (àga tí ẹ jókòó lé, ọkọ̀ tó gbé yín lọ síbi iṣẹ́), kí ẹ sì gba ohùn yín sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú "ehn" àti "like" inú rẹ̀. Ojú á tì yín. Ẹ tún un sọ, láì wo ìwé.

JápaKíá

Ẹ ń da ara yín láàmú. Gbogbo ìbéèrè wà lórí Telegram. Oṣù kìíní, oṣù karùn-ún, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń pààrọ̀ wọn. Ẹ gba èyí tó wà níta báyìí, ẹ há ìdáhùn báńdì 9, máàkì tó ga jù, sórí, ó tán.

Àkànní_Leeds

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí ènìyàn há sórí máa ń dún lẹ́nu rẹ̀ ni. Ohùn á kàn yí padà, ojú á lọ sókè àjà, ọ̀rọ̀ á máa sáré. Wọ́n ti kọ́ olùdánwò láti dá a mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ti gbọ́ ìdáhùn yẹn gan-an lẹ́nu ẹlòmíràn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Á yí ìbéèrè gba ibòmíràn, ibẹ̀ ni ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí á ti dà bí odi.

JápaKíá

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n káàdì tó wà lórí Telegram ni àǹtí mi bá pàdé níbẹ̀, kò yẹ̀ rárá.

Àkànní_Leeds

Èló ló gbà?

JápaKíá

6.

Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn

Ẹ̀rín ń pa mí kú lọ o.

Àkànní_Leeds

Ẹ má bínú, kì í ṣe pé mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Kò burú kí ènìyàn mọ irú káàdì tó wà níta. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ìtàn díẹ̀ nínú ayé mi, mo sọ wọ́n títí wọ́n fi dán lẹ́nu mi. Ọjọ́ tí ọkọ̀ dá wa dúró lójú ọ̀nà Ìlọrin láàárín òru, ìtàn yẹn bá káàdì ìrìn àjò mu, ó bá ti ẹni tó ràn yín lọ́wọ́ mu, ó bá ti ìgbà tí ẹ ní láti ṣe sùúrù mu, ó tún bá ti nǹkan tó bàjẹ́ mu. Ìtàn náà ló wà lórí mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yí padà ní gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́.

ÌyáBejì

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ní ìbéèrè. Wọ́n ní ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ti jẹ́ ti Ìjẹ̀bú pọ́nbélé kò lè gba 7 láéláé. Àbúrò ọkọ mi ti ń wo YouTube, ó ń fimú sọ̀rọ̀ bí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. A kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́ nínú ilé.

Olùkọ́_Mọ́kọ́lá

Màmá Ìbejì, ẹ bá mi sọ fún un kó sinmi. Wọn kì í yọ máàkì ẹnikẹ́ni torí pé ohùn rẹ̀ fi ìlú rẹ̀ hàn. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ náà yé olùgbọ́ láìjẹ́ pé ó ń làágùn kó tó gbọ́ ọ. Fífimú sọ̀rọ̀ yìí kì í sì í pẹ́. Ó lè gbé e dé òpin Apá Kìíní, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í ní Apá Kẹta bóyá ó yẹ kí ìjọba máa san owó ilé ìwé fún gbogbo ènìyàn, á gbàgbé imú.

Ibi tó yẹ kí ọmọ Yorùbá ti ṣiṣẹ́ kò fara sin. Èdè wa kò ní v, kò ní z, kò ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "church", kò ní ti "think" àti "this". Ìdí nìyẹn tí "very" fi ń di fẹ́rì, tí "zoo" ń di súù, tí "think" ń di tínkì. Kì í ṣe gbogbo wa la ní gbogbo ìṣòro yìí. Ẹni kan á pe v dáadáa, á wá máa fi "shop" pe "chop". Ẹ tẹ́tí sí ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀, kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ má bá gbogbo wọn jà lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tí a kì í sábà sọ, tí mo sì rò pé ó burú ju ìyẹn lọ, ni ìparí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, a kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì pọ̀ mọ́ra. Ẹ wo ohun tí a sọ "bread" dà: búrẹ́dì. Bí a bá wá ń sáré sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìparí ọ̀rọ̀ la máa ń gbé mì. "Asked" á di "as". "Patients" á di "patient". Ẹni tó ń fún yín ní máàkì kò lè mọ̀ pé ẹnu ló gbé e mì. Lójú tirẹ̀, ẹ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá, ẹ kò sì mọ̀ pé aláìsàn ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ti fi ìró kan ṣoṣo pàdánù níbi ìpè ọ̀rọ̀, ẹ tún pàdánù níbi gírámà. Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ka ìwé ìròyìn sókè, kí wọ́n máa tẹ ìparí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní "-ed" àti "-s" bíi pé wọ́n ń bínú sí i. Bí wọ́n bá wá ń sọ̀rọ̀ geere, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ṣẹ́kù.

Fáwẹ́lì gígùn àti kúkúrú náà wà níbẹ̀. "Ship" àti "sheep" kì í ṣe ọ̀kan náà. Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, ẹ ṣọ́ra gidigidi pẹ̀lú "sheet".

Ti ìlù ọ̀rọ̀ ló kẹ́yìn. Àwa a máa pe gbogbo sílébù ní pípé, oníkálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì á tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, á gbójú fo àwọn ìyókù. Ẹ gbọ́ bí àwọn oníròyìn BBC ṣe ń pe "comfortable" tàbí "vegetable", ìdajì rẹ̀ kì í dé etí wa. Ẹ kò ní láti pè é bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ tẹ ibi tí kò yẹ nínú ọ̀rọ̀, olùgbọ́ á dúró wá a, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e á sì ti kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀_Sùnnùkùn

"Sheet" kẹ̀! Olùkọ́, ẹ ò ní pa ènìyàn.

ỌmọKétu

Mo kí gbogbo yín o. Kétu ni mo wà, ní Bẹ̀nẹ̀. Faransé la fi ń kàwé ní tiwa, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ ni. Mò ń wá ilé ẹ̀kọ́ sí òkè òkun, wọ́n sì ní kí n mú IELTS wá. Ohun tó ń dà mí láàmú yàtọ̀ sí tiyín. Faransé ló ń já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo máa ń sọ pé "I have 26 years". Mo máa ń sọ "actually" nígbà tí mo bá fẹ́ sọ pé nísinsìnyí. H náà ń sọnù lẹ́nu mi, "house" ń di "ouse".

Olùkọ́_Mọ́kọ́lá

Ẹ káàbọ̀, ará Kétu. Ti h yẹn rọrùn: h wà nínú èdè ìyá yín, ẹ ń pè é nínú "ahọ́n" àti "ìhà" lójoojúmọ́. Ẹ mú un láti ibẹ̀, ẹ má lọ bá Faransé yá a, torí kò ní in. Ní ti "I have 26 years", ẹ kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tó bá ti bọ́ lẹ́nu yín sínú ìwé kékeré kan. Wọn kì í pọ̀. Àwọn kan náà ló ń padà wá.

Ayọ̀_Calgary

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí káàdì, torí ibẹ̀ ni èmi ti rí 7 tí mo wá. Express Entry, ètò tí Kánádà fi ń gba àwọn òṣìṣẹ́ láti òkè òkun wọlé, ni mo fẹ́ lò ó fún. CLB 9 ni mo ń wá, ìyẹn ìwọ̀n èdè tiwọn: Speaking 7, Reading 7, Writing 7, Listening 8.

Wọ́n á fún yín ní káàdì tó ní ohun tí ẹ máa sọ̀rọ̀ lé lórí àti kókó díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fún yín ní bébà àti pẹ́ńsù. Ìṣẹ́jú 1 lẹ ní, lẹ́yìn náà ẹ̀yin nìkan lẹ máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbólóhùn odidi. Kí wọ́n tó kọ ìkejì, ìṣẹ́jú ti lọ. Ẹ kọ orúkọ ènìyàn kan, ibì kan, ohun kan tí ẹ fojú rí, ohun kan tí ẹnì kan sọ. Ìyẹn tó. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ tán, ẹ wo bébà, ẹ mú orúkọ kan, ẹ tún gbéra.

Ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ títí wọ́n á fi ní ó tó. Ẹ má dá ara yín dúró.

Tí káàdì bá béèrè ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí yín rí, ẹ pa á nítàn. Wọ́n bi mí nípa ìgbà tí mo rí ẹranko igbó. N kò rí ẹranko igbó rí láyé mi. Mo fún wọn ní ọ̀bọ kan tó jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà mi ní Èkìtì.

ÌyáBejì

Irọ́ pátápátá! Ṣé kò ní wá di ẹ̀ṣẹ̀ sí wa lọ́rùn báyìí?

Ayọ̀_Calgary

Àǹtí, èdè ni wọ́n ń dán wò, wọn kì í wá ẹlẹ́rìí. Ẹ rò ó sí àlọ́. Àmọ́ ẹ má parọ́ tó ju agbára Gẹ̀ẹ́sì yín lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun ti gun òkè Kilimanjaro rí. Wọ́n bi í ní ohun tó gbé dání, kò mọ orúkọ ohun kankan.

Nọ́ọ̀sìÒṣogbo

Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn mi sílẹ̀. Mo mú káàdì ẹni tó kọ́ mi ní nǹkan. Mo sọ̀rọ̀ lórí métírọ̀nù kan tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rí iṣan ọmọdé tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, kí a lè fún un ní dírípù. Ìṣẹ́jú 1 kò tíì pé tí ọ̀rọ̀ mi fi tán. Àbúrò mi tó ń gbọ́ tún ní mò ń pe métírọ̀nù ní "he", mo ń yí i sí "she", mo tún padà sí "he". Èmi kò tiẹ̀ mọ̀.

Olùkọ́_Mọ́kọ́lá

"Ó" ni. Ọ̀kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́, nítorí náà ẹnu wa kò mọ̀ pé yíyàn wà níbẹ̀. Ẹ máa fi orúkọ ẹni náà gbéra, kí ẹ sì máa rí ojú rẹ̀ lọ́kàn bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ju kí ènìyàn máa pa òfin gírámà mọ́ lórí ahọ́n. Ẹ tún ṣọ́ àwọn gbólóhùn Yorùbá tó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹ bá ń jáde lọ, ẹ má sọ "I'm coming". Tí ẹnì kan bá kọsẹ̀, "sorry" wa kò ní yé olùdánwò, á rò pé ẹ̀yin lẹ gbé e ṣubú.

Káàdì métírọ̀nù yìí dára gan-an, ẹ má jù ú nù. Kò tíì kún ni. Ọwọ́ métírọ̀nù náà ńkọ́, ṣé ó ń gbọ̀n ni àbí ó dúró? Ìyá ọmọ ńkọ́, níbo ló wà? Ta ló di ọmọ náà mú? Kí ni métírọ̀nù sọ fún yín kí ó tó fa abẹ́rẹ́ náà lé yín lọ́wọ́? Kí ẹ wá parí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ rí ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn? Ẹ kò lè dáhùn rẹ̀ láì lo "if she had not been there, I would have". Gírámà tó le ló ń mú ara rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ẹ kò fi tipátipá fà á wọlé.

Àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín náà, ẹ lò wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń wá ọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà kiri nínú ìwé, wọ́n á fi "dehydrated" àti "reassure" sílẹ̀ nílé. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí kì í jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

Àkànní_Leeds

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti OET tí ẹ béèrè. NMC ń gbà á: B nínú Listening, Reading àti Speaking, C+ nínú Writing. Speaking tirẹ̀ kò ní òdòdó. Wọ́n á fún yín ní káàdì iṣẹ́, ẹ̀yin á jẹ́ nọ́ọ̀sì, olùbánisọ̀rọ̀ á jẹ́ aláìsàn tàbí ẹbí aláìsàn. Eré méjì ni, ìṣẹ́jú 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 3 sì wà láti múra kí kálukú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sí aláìsàn lọ́kàn á gbádùn rẹ̀. Ó wọ́n ju IELTS lọ o, èyí ló dá èmi dúró.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pààrọ̀ ọ̀nà, ẹ má sọ èsì yìí nù. NMC gbà kí ènìyàn so èsì méjì pọ̀, tí ìjókòó méjèèjì bá wà láàárín oṣù 12 síra wọn. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí Listening, Reading tàbí Speaking kankan lọ sísàlẹ̀ 6.5, kí Writing sì lọ sísàlẹ̀ 6, nínú ọ̀kankan nínú wọn. Tiyín kò sọ̀kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá padà lọ, Speaking 7 lẹ ń wá, kí ẹ má kàn jẹ́ kí àwọn tó kù já bọ́. Ẹ ka ojú-òpó NMC fúnra yín kí ẹ tó sanwó, wọ́n máa ń tún òfin wọn ṣe.

Ẹ sì lè ní kí wọ́n tún máàkì náà yẹ̀ wò, láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí ọjọ́ ìdánwò. Wọ́n gba ohùn gbogbo Speaking sílẹ̀, ẹlòmíràn ló máa gbọ́ ọ. Bí máàkì bá yí padà, wọ́n á dá owó yín padà. Ní tèmi, pẹ̀lú ìdáhùn òdòdó yẹn, n kò ní náwó sí i.

ÌyáBejì

Ẹ̀gbọ́n Leeds, ẹ ṣé. Ó ku tèmi. Ìyàwó àbúrò mi fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Manchester. Aránṣọ ni, kò kàwé púpọ̀. Ṣé òun náà máa ṣe gbogbo káàdì yìí?

Olùkọ́_Mọ́kọ́lá

Rárá o. Ti físà ìyàwó yàtọ̀. IELTS Life Skills A1, ìpele tó kéré jù, ló máa tó o, gbígbọ́ àti sísọ nìkan, kò sí kíkọ, kò sí kíkà. Kò ní báńdì, ó yege tàbí kò yege. Òun àti aṣèdánwò mìíràn ni wọ́n á jọ wọlé bá olùdánwò kan, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 sí 18, wọ́n á sì ní kí àwọn méjèèjì bi ara wọn ní ìbéèrè. Tó bá wá dé àkókò ìwé ìgbé ayé títí lọ lọ́jọ́ iwájú, ìpele tó ga ju A1 lọ ni wọ́n á béèrè.

Kó máa bá oníbàárà rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ṣọ́ọ̀bù, kó máa béèrè àwọ̀, iye ọ̀pá, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba aṣọ. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "please say it again". Ẹni tó dákẹ́ torí pé kò gbọ́ ìbéèrè ni wọ́n ń kà sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sì sí ìtìjú nínú kó béèrè, kódà nínú IELTS ńlá.

ÌyáBejì

Á gbọ́ o. Ó ti ń sunkún láti àná.

ỌmọKétu

Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí a lè jọ máa fi ẹnu ṣe é? Ní Kétu níbí, n kò rí ẹni bá sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Nọ́ọ̀sìÒṣogbo

Èmi wà. Aago tiyín àti tiwa dọ́gba. N kò ní iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi sí Ọjọ́bọ̀, aago 8 alẹ́, lórí WhatsApp. Ẹni kan á ṣe olùdánwò, ẹni kan á dáhùn, a ó sì wo aago. Olùdánwò kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kò gbọdọ̀ mi orí, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, èyí gan-an ló já mi láyà.

JápaKíá

Ṣé mo lè dara pọ̀?

Nọ́ọ̀sìÒṣogbo

Ẹ máa bọ̀. Ẹ fi Telegram yín sílé. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ṣe olùdánwò, kí ẹ mú káàdì tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì rí wá.